Búta Tí Mi Ò Lẹ Ìwé Mọ́

Trikania, Kaduna.
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀.

Fọlákẹ́, Àjọkẹ́ mi, ọmọ tí mo bí tí mo tún fi ṣọ̀rẹ́,

Mo mọ̀ pé àyà rẹ á kọ́kọ́ já tí o bá rí àpò ìwé yìí, o ó rò pé ara ìyá rẹ ò yá. Ara mi yá. Orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu, ìyẹn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọkàn mi ni kò balẹ̀ láti ọjọ́rú tí o ti pè mí lórí fóònù, ìwọ gan-an lo sì kó ìpayà náà bá mi, tí o ń rẹ́rìn-ín.

Mo tún mọ̀ pé Yorùbá kíkà ń fún ọ ní wàhálà. Láti kékeré, tí mo bá fi Yorùbá pè ọ́, Hausa lo fi ń jẹ́ mi, mo sì gbà fún ọ. Ṣùgbọ́n jókòó, kà á sókè, má kánjú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi fọwọ́ sí irọ́ tí mo fẹ́ tú fún ọ yìí, mi ò sì fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì tú u. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù pẹ̀lú. Tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ báyìí, n ó yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, n ó máa bi ọ́ bóyá o ti jẹun.

Jẹ́ kí n rán ọ létí ohun tí o sọ. O ní Ọlọ́run ti ṣe é, wọ́n ti fi ọ́ ṣe alábòójútó láàbù ìwádìí kẹ́mísírì ní yunifásítì yín, kọ́kọ́rọ́ ti dé ọwọ́ rẹ. Mo dúpẹ́, mo kọrin, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúnkún. Lẹ́yìn náà lo wá fi kún un pé iná kékeré kan sọ níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Sípírítì ló gbiná lórí tábìlì, ó sì jó akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan lápá. O ní o ti lọ jẹun nígbà náà, o fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún un. O ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó ni láàbù ní kí ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí àwọn àlejò ń bọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ láti wá yẹ ẹ̀ka yín wò. Ẹ ó yá agolo pupa apaná méjì lọ́wọ́ láíbìrì, ẹ ó gbé e kọ́ ara ògiri, ẹ ó dá a padà lọ́jọ́ Ajé. Ìwọ lo máa fọwọ́ sí ìwé pé ohun gbogbo pé, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Mo bi ọ́ pé báwo ni apá ọmọ náà. O ní ó ti ń san. O wá ní, "Mummy, laifinta ne fa." Pé ọmọ náà ló lẹ̀bi, fóònù ló ń tẹ̀.

Gbólóhùn yẹn ló gbé mi dìde lórí àga. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ rí, mo sì fọwọ́ sí i.

O mọ Baba Habu ti Ungwan Dosa, tí wọ́n máa ń gbé ẹran Iléyá wá fún wa kí àwa tó kó wá sí Trikania, tí a máa ń gbé ìrẹsì Kérésì lọ fún. O mọ̀ pé ojú wọn ọ̀tún ò ríran. Nígbà tí o wà ní pírámárì mẹ́ta, o bi mí pé kí ló ṣe ojú Baba, mo ní àìsàn ni. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Èmi ni mo fọ́ ọ.

Má tíì pè mí. Kà á tán ná.

Ibi iṣẹ́ kan náà ni èmi àti Málàmù Habu wà, àwọn ni àgbà láàbù, àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń di ìgò mú. Omi ẹ̀rọ kì í yọ níbẹ̀. Ladi, obìnrin tó ń gbálẹ̀ fún wa, ló máa ń pọnmi láràárọ̀ láti ìdí táǹkì, á rọ ọ́ sínú búta mẹ́rin, àwọn kẹ́tù oníke aláwọ̀ ewé tí àwọn Mùsùlùmí wa fi ń ṣe àlùwàlá, á tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn níta. Gbogbo wa là ń lò ó. Àwọn kan fi ń ṣe àlùwàlá, èmi fi ń fọ ọwọ́ kí n tó jẹun.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, mo po kọ́sítíìkì sódà, irú èyí tí àwọn aṣọṣẹ ń lò. Mo pò ó kí ó le dáadáa, nítorí mo fẹ́ fi fọ àwọn ìgò tí ọ̀rá ti gbẹ mọ́ nínú. Ìgò ńlá tí a máa ń rọ ọ́ sí ti fọ́ lọ́rùn. Mo ti kọ̀wé béèrè òmíràn, ẹnikẹ́ni ò dá mi lóhùn. Mo bá mú búta kan níta, mo da omi inú rẹ̀ nù, mo rọ sódà sí i, mo gbé e sórí tábìlì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mo tilẹ̀ ń pòwe fún ara mi, pé bí a bá gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni tó máa yó á yó. Mo ní tí mo bá dé n ó lẹ ìwé mọ́ ọn. Másà, oúnjẹ ìrẹsì àwọn Hausa, ni mo fẹ́ sáré rà lẹ́nu géètì, nítorí ti obìnrin tó ń tà á níbẹ̀ kì í pẹ́ tán.

Ooru mú púpọ̀. Málàmù fẹ́ kírun ọ̀sán, àwọn búta tó wà níta ti gbẹ. Wọ́n rí èyí tó wà lórí tábìlì, wọ́n gbé e jáde. Wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ bomi sójú kí ara lè tu àwọn, kí àwọn tó bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Igbe wọn ni mo gbọ́ bí mo ṣe ń bọ̀, másà wà lọ́wọ́ mi. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Málàmù, mi ò gbọ́ igbe wọn rí títí di ọjọ́ náà.

Omi la nílò, Fọlákẹ́, omi ò sí. Ẹnu ẹ̀rọ gbẹ, búta gbẹ, dúrọ́ọ̀mù gbẹ. A sáré ra píọ̀ wọ́tà, a ń fi eyín já a lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń dà á sí wọn lójú, àyà wọn ni mò ń da ìdajì rẹ̀ sí. Ojú òsì yè. Ti ọ̀tún lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá ẹ̀ka wa pè wá jọ, ó béèrè pé ta ló ń bójú tó àwọn búta. Ẹnìkan ní Ladi ni. Kì í kúkú ṣe irọ́, Ladi ló ń pọnmi sí wọn. Orúkọ mi wà lára àwọn tí wọ́n fẹ́ gbéga lóṣù náà. Mo wo ilẹ̀. Ọ̀gá kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó dán pé àìbìkítà obìnrin agbálẹ̀ ló fà á, ó ní kí èmi fọwọ́ sí i bí ẹlẹ́rìí, mo sì fọwọ́ sí i. Wọ́n lé Ladi lọ́sẹ̀ yẹn. Ó wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà láàbù, ó di sálúbàtà rẹ̀ àti aṣọ ìgbálẹ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó ní, "Madam, wallahi ba ni ba ce." Pé kì í ṣe òun. Mo ní, "Ki yi haƙuri, Ladi." Mo ní kí ó ní sùúrù. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kí ó tó lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko. Èmi ni olè yẹn, ọmọ mi.

Wàyí o, ìmọ̀ràn. Mo ti fẹ́ fi nọ́ńbà tò ó bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe nínú lẹ́tà rẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi ń sáré ju bírò lọ. Bí mo bá fo nọ́ńbà, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkíní. Ohunkóhun tí ẹnu èèyàn kò lè mu, má ṣe rọ ọ́ sínú ohun tí èèyàn fi ń mu, tí ó fi ń jẹun, tàbí tí ó fi ń sin Ọlọ́run. Ìgò omi rírà, ife tíì, fìláàsì, kúlà oúnjẹ, búta, gbogbo rẹ̀. Tí ìgò kò bá sí, kí iṣẹ́ ọjọ́ náà dúró. Òwe ewé àti èèpo ẹ̀pà dára fún ilé ìdáná, kò dára fún kẹ́míkà. A fẹ́ràn láti máa yin ara wa pé a mọ bí a ṣe ń dọ́gbọ́n sí nǹkan. Ọgbọ́n yẹn gan-an ló gba ojú Málàmù.

Èkejì. Kí o tó gbé ìdérí ìgò kan, kọ orúkọ ohun inú rẹ̀ síwèé kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Kí o tó gbé e, mo ní, kì í ṣe tí o bá dé. Kọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí o pò ó, àti orúkọ ìwọ tí o pò ó. Àwọn kan á sọ fún ọ pé gbogbo wa la kúkú mọ ohun tó wà ní igun yẹn. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dé lánàá kò sí nínú "gbogbo wa", agbálẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, àgbà tí oòrùn pa wọlé tó ń wá omi kò sí nínú rẹ̀.

Omi ńkọ́? O ò sọ̀rọ̀ omi fún mi lórí fóònù, mo sì gbàgbé láti béèrè, ó wá ń dà mí láàmú láti ọjọ́ náà. Ṣé omi ń yọ ní láàbù yín? Ṣé ó ń yọ lójoojúmọ́, àbí ọjọ́ tí àlejò bá ń bọ̀? Tí kò bá ń yọ, gbé dúrọ́ọ̀mù onídèérí kan sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, kọ ọ́ sí i lára gàgàrà pé ti ojú ni, kí ẹnikẹ́ni má fi fọ abọ́. Máa ṣí i wò láràárọ̀ kí o tó jókòó. Mo ń bẹ̀ ọ́, ohun tí o máa ṣe lọ́la nìyẹn, bí o kò bá tilẹ̀ ṣe èyí tó kù.

Ọ̀kan tún wà tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ẹnu ni a fi ń fa kẹ́míkà sínú páìpù gíláàsì, ẹni tó bá sì ń lo rọ́bà láti fà á là ń pè ní ojo. Èmi ni akin wọn. Lọ́jọ́ kan mo fa ásíìdì dé ọ̀nà ọ̀fun, odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ata ò kan ètè mi. Mo purọ́ fún Málàmù pé eyín ló ń dùn mí, nítorí mi ò fẹ́ kí wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín. Ká ní mo ti kọ́ láti sọ àṣìṣe kékeré jáde lọ́jọ́ yẹn, bóyá ẹnu mi á ti mọ ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí ńlá dé. Nítorí náà, jẹ́ kí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ máa sọ èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹlẹ̀ fún ọ, kí o má sì bú ẹni tó bá sọ ọ́. O ní inú fùfù, ọ̀dọ̀ mi lo ti jogún rẹ̀. Bú mi tí o bá fẹ́ bú ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ iná yín ló kù. Fọlákẹ́, ta ló fún ọmọ yẹn ní kọ́kọ́rọ́? Ìwọ ni o. O lọ jẹun, òun nìkan ló kù níbẹ̀, kò sí apaná lára ògiri, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọmọ náà bí a ṣe ń pa sípírítì tó bá gbiná. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ pé fóònù ló ń tẹ̀. Ladi náà ló ń pọnmi lóòótọ́. Ẹ̀bi dà bí omi, ibi tó rẹlẹ̀ ló máa ń ṣàn lọ, àfi tí ẹnìkan tó wà lókè bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ kò lè bá ọ̀jọ̀gbọ́n jiyàn. Ìwọ ni ó ń wò.

Má fọwọ́ sí ìwé ọjọ́ Jímọ̀ yẹn. Mo mọ̀ pé o ò gbọdọ̀ rí àgbà fín. Lọ bá ọ̀jọ̀gbọ́n ní kùtùkùtù, kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, má sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn. Ní kí wọ́n jọ̀ọ́, o lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé apaná ò sí, pé ẹ ti béèrè fún un, kí o sì kọ iye ìgbà tí ẹ ti béèrè, ṣùgbọ́n o ò lè kọ ọ́ pé ó wà. Iná kì í dúró kí a lọ yá nǹkan ní láíbìrì. Tí inú bá bí wọn, máa kúnlẹ̀ lọ, kí o má ṣáà mú bírò.

Mi ò ní tàn ọ́ pé kò ní ná ọ ní nǹkan kan. Wọ́n lè gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ. Mo ti rò ó títí tí orí fi ń fọ́ mi, pé ṣé ìyá ló yẹ kó máa ti ọmọ rẹ̀ síbi tí iṣẹ́ á ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn gbogbo ọdún tí o fi wá iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò fi pamọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí ìgbéga mi jẹ́ fún mi. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò lè rí búta lórí àtẹ̀gùn kí n má yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Lánàá, kí n tó lè kọ ìwé yìí sí ọ, mo wọkọ̀ lọ sí Ungwan Dosa. Mo ní mi ò lè máa pàṣẹ òtítọ́ fún ọmọ nígbà tí tèmi ṣì wà nínú àpò. Málàmù wà lábẹ́ igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà wọn, lórí ẹní, wọ́n mọ ohùn mi kí n tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n kí mi káàbọ̀, "Sannu da zuwa, Maman Fola." Mo kúnlẹ̀. Mo ṣe àlàyé rẹ̀ láti orí ìgò tó fọ́ títí dé orí másà, mi ò fo nǹkan kan.

Wọ́n wá ní, "Na sani. Tun ranar na sani."

Pé àwọn mọ̀, láti ọjọ́ náà. Wọ́n ní Ladi kì í gbé búta wọ inú láàbù, àtẹ̀gùn ló máa ń tò wọ́n sí. Ta ló kù tó ń po sódà lọ́sẹ̀ yẹn? Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fi sọ. Wọ́n ní ìgbà tí àwọn fi máa jáde ní ọsibítù, wọ́n ti lé Ladi, mo sì ti fọwọ́ sí ìwé; àwọn ò fẹ́ tú mi fó, àwọn ń dúró kí èmi wá sọ ọ́ fúnra mi. Gbogbo ẹran Iléyá yẹn, Fọlákẹ́, wọ́n ń gbé e wá, wọ́n ń dúró. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a, ṣùgbọ́n òwe yẹn ò sọ fún wa pé ẹnìkan lè ti jókòó de òtítọ́ náà láti ọjọ́ kìíní.

Wọ́n ní àwọn ti dárí jì mí. Mo bú sẹ́kún, mo fẹ́ máa dúpẹ́. Wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n ní kí n dúró.

"To, Ladi fa?"

Ladi ńkọ́. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo yà sí Kudenda níbi tó ń gbé nígbà náà. Àwọn tó wà nínú ilé náà ò mọ̀ ọ́n, ìyá àgbà kan ní ojúlé kejì ló ní òun rántí obìnrin kan bẹ́ẹ̀ tó kó lọ, òun ò mọ ibi tó kó lọ. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. N ó tún padà lọ lọ́sẹ̀ yìí, n ó lọ bi wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lọ́hùn-ún, n ó máa wá a títí orúnkún mi ò fi ní gbé mi mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ìwọ lè bá mi ṣe báyìí, òun ni olórí ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí.

Ra ìwé ńlá kan, ẹlẹ́yìn líle. Kọ ọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀ pé ìwé àṣìṣe láàbù. So ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn níbi tí agbálẹ̀ àti ọ̀jọ̀gbọ́n ti lè rí i. Kí gbogbo ẹni tó bá ṣèèṣì máa kọ tirẹ̀ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, pẹ̀lú orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ṣe kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ mọ́. Ojú ewé kejì ni iná sípírítì, ìwọ ni kí o kọ ọ́, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí kọ́kọ́rọ́ tí o fi sílẹ̀. Ojú ewé kìíní, tèmi ni. Dà á kọ báyìí, má yí nǹkan kan padà, kí o sì máa kà á fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé:

"Èmi, Rúùtù Oyèníkẹ̀ẹ́, òṣìṣẹ́ láàbù ní Kaduna, ni mo rọ kọ́sítíìkì sódà sínú búta, tí mi ò lẹ ìwé mọ́ ọn, tí mo lọ ra másà. Ojú ọ̀tún Málàmù Habu fọ́. Ladi tó ń gbálẹ̀ fún wa ni a lé. Ladi kò ṣe nǹkan kan."

Tí o bá dà á kọ tán, wo ìsàlẹ̀ ìwé mi yìí kí o rí bí mo ṣe ń fọwọ́ sí nǹkan. Ọwọ́ kan náà ni mo fi fọwọ́ sí tọjọ́sí. Tòní nìkan ni òtítọ́.

Rúùtù Oyèníkẹ̀ẹ́,
ìyá rẹ.